Kọ̀rọ̀ Tí Ọwọ́ Kò Dé Nínú Ilé Ìdáná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé. Ilé ìdáná mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 7 lọ. Káfíńtà tó ṣe kábínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ gbé e gba ara ògiri méjì, wọ́n sì pàdé ní igun. Ilẹ̀kùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún igun yẹn, inú rẹ̀ sì jìn bíi kànga. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà, n ó ti orí bọ ibẹ̀ kí n tó rí asẹ́ mú, orúnkún mi kò sì gba ìyẹn mọ́. Ọmọ mi fi àwo kan tó ń yí hàn mí lórí fóònù, ó ní òun lè rà á ránṣẹ́. Ẹlòmíì ní kí n tú gbogbo kábínẹ́ẹ̀tì náà dànù. Odó mi kò tilẹ̀ rí ibi gbé, ẹnu ọ̀nà ló wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé, Mà. Ẹ sì kú ara ríro. Ọlọ́run yóò bá wa mú orúnkún náà rọ̀. Ẹ má tú nǹkan kan o. Ẹ sì bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó fi owó àwo tó ń yí náà pamọ́ ná, torí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe igun yín yìí, àwo ọ̀hún kò ní gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Bó bá sì wọlé, kò ní rí àyè yí. Ohun tí ẹ nílò kéré sí ìyẹn, owó rẹ̀ náà sì kéré.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, iṣẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo dì mú. N kì í kan òrùlé, n kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wọ ilé ìdáná púpọ̀ ní Àkúrẹ́ yìí àti ní Oǹdó, mo sì ti kó ẹrù kúrò nínú irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí n kò fi lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ìkòkò ìnáwó tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, bùlẹ́ńdà tí ìdí rẹ̀ ti jó, ike gàrí òfìfo, àti lẹ́yìn pátápátá, ohun kan tí onílé ti wá títí tó fi lọ ra òmíràn. Ní ilé kan, asẹ́ mẹ́rin ni mo kó jáde. Ìyá náà jókòó sílẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí gbogbo wọn ló rántí ọjà tí òun ti rà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe igun náà. Kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sábà máa ń jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Nígbà tí ti ògiri ọ̀tún bá lọ pàdé ti ògiri òsì, ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, 2 lóòró tó wà ní igun gan-an á di ti àwọn méjèèjì, kò sì ní sí èyí tó lè fi ilẹ̀kùn síwájú rẹ̀ nínú wọn, torí èkejì ti dúró síbẹ̀. Káfíńtà á wá sún ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá wà níwájú ilẹ̀kùn yẹn yóò na ọwọ́ wọlé, yóò tún wá yí i sí ẹ̀gbẹ́. Láti etí ilẹ̀kùn dé ibi tó jìn jù lọ, bí ẹ bá fa téèpù dábùú, ó tó ínṣì 33 tàbí 34. Mo wọn ọwọ́ tèmi láti èjìká dé orí ìka àárín: ínṣì 27 ni. Ó ku ínṣì 6 tàbí 7 tí ọwọ́ kò lè dé àfi kí èjìká wọlé, kí orí sì tẹ̀ lé e. Ìdí tí ẹ fi ń kúnlẹ̀ nìyẹn, Mà. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló fà á. Ọmọ ogún ọdún náà á kúnlẹ̀ níbẹ̀, àfi pé òun á tètè dìde.

Nítorí náà, ẹ má wo bí inú rẹ̀ ṣe tóbi. Ẹnu ilẹ̀kùn ni kí ẹ wò, torí òun ló máa sọ ohun tí kọ̀rọ̀ náà lè gbà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà dé ibi tó lè ṣí dé, kí ẹ wọn àyè tó ṣí sílẹ̀ gan-an láti pákó dé pákó. Ẹ má wọn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, torí ilẹ̀kùn máa ń bo etí pákó mọ́lẹ̀, hínjì náà sì máa ń jẹ díẹ̀ nínú àyè. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ ínṣì 16 lójú lè má fi ju 14 sílẹ̀ fún ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gíga àyè náà, kí ẹ sì tan iná sínú rẹ̀, kí ẹ wo igun ògiri dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi òpó kọnkéré gbé, òpó kan máa ń wà ní igun, á sì yọ sínú yàrá ní ínṣì díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gé pákó tán ní ṣọ́ọ̀bù, tó gbé e dé ilé, tí òpó ní kó máa gbé e padà. Páìpù síǹkì náà lè gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ìwọ̀n yìí, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà gan-an. Káfíńtà tó bá dé kò ní í méfò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwo tó ń yí. Ohun rere ni, n kò bá a ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n àwo tó rí róbótó pátápátá, igun tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ṣe é fún. Irú igun bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri ọ̀tún, 3 lára ògiri òsì, ilẹ̀kùn rẹ̀ á jẹ́ pákó méjì tí hínjì so pọ̀ láàárín, tí wọ́n jọ máa ń ká padà bí ìwé. Ibi tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwo náà, tí ẹ máa fi ọwọ́ kan yí i. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo tí wọ́n máa ń fi síbẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 28 sí 32. Báwo ni yóò ṣe gba ẹnu ilẹ̀kùn ínṣì 14? Wọ́n lè gé e sí méjì kí wọ́n tó tò ó sínú, ṣùgbọ́n ìdá kékeré kan lára rẹ̀ nìkan ni ẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á wà lẹ́yìn pákó.

Bó tilẹ̀ bá igun mu, ẹ mọ̀ pé ohun róbótó nínú ohun onígun mẹ́rin máa ń fi igun sílẹ̀. Bí àyè náà bá jẹ́ 100, bíi 78 ni àwo á lò. Ìyẹn kò burú, torí 78 tí ọwọ́ dé sàn ju 100 tí ojú nìkan ń rí lọ. Ibi tí mo ti ní kí ẹ ṣọ́ra ni etí àwo. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀, mo ṣe ọ̀kan fún ìyá kan ní Oǹdó. Ó dán, ó ń yí wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n n kò fi etí yí i ká. Ìyá gbé ike epo pupa lítà 4 lé e, ọmọdé kan wá fi agbára yí àwo náà, ike fò sẹ́yìn, ó há sáàárín àwo àti ògiri, ìdérí rẹ̀ là. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mọ̀, nígbà tí epo ti gba abẹ́ pákó jáde sórí táìlì. Mo tú àwo, odidi ọjọ́ kan ni mo fi nu ibẹ̀, MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tó mu epo yẹn kò sì gba ọ̀dà mọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ láti inú àpò mi, mo sì tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, kò sí àwo tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò ní etí ínṣì 2 yí ká.

Irú kejì tún wà, tí àwo rẹ̀ jẹ́ ìlàjì, tí wọ́n so mọ́ irin kan lẹ́bàá ẹnu ilẹ̀kùn, tí ẹ lè fà jáde kó tẹ̀lé ọwọ́ yín. Ìyẹn lè wọ ibi tiyín bí ẹnu bá fẹ̀ tó. Kí n sọ tòótọ́, n kì í yá láti fi í sí ilé tí wọ́n ti ń lo ìkòkò irin. Irin tó gbé gbogbo ẹrù náà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo; bí ẹ bá ń to ìkòkò wa tó wúwo lé e, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń tẹ̀, títí àwo yóò fi máa ha ilẹ̀ kábínẹ́ẹ̀tì. Bí béárìn rẹ̀ bá sì lọ, ẹ lè wá òmíràn títí láìrí èyí tó bá a mu.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún yín nìyí, mo sì ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ gbàgbé ilẹ̀ kọ̀rọ̀ náà ná. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà tẹ́ pẹpẹ kan sí àárín, ní gíga tó fi díẹ̀ ju orúnkún lọ nígbà tí ẹ bá dúró, kó gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn wọ inú kọ̀rọ̀ dé òpin. Plywood ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn 18mm, ni kó lò, kó fi fọ́máíkà bo ojú rẹ̀ kó lè máa yọ̀. Pákó tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, bí nǹkan kan kò bá gbé àárín rẹ̀, yóò tẹ̀ bí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, kó kan igi kan mọ́ ògiri lẹ́yìn gbọọrọ kí pẹpẹ lè jókòó lé e, kó sì fi ẹsẹ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀ láàárín.

Orí pẹpẹ yẹn ni nǹkan méjì máa wà. Àkọ́kọ́, apẹ̀rẹ̀ oníke kan tó ní ìdìmú méjì, tó gba ẹnu ilẹ̀kùn geerege. Òun ló máa wà níwájú, ohun fúyẹ́ sì nìkan ló máa wà nínú rẹ̀: asẹ́, ìgbakọ, orógùn, abọ́ ike. Ẹ lè jókòó lórí àga kékeré, kí ẹ gbé e jáde sórí itan yín tàbí sórí káńtà. Èkejì ni àpótí pákó tí kò ní ìdérí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ní ínṣì 5, tí ó wà lẹ́yìn nínú kọ̀rọ̀ gan-an. Kí ó má fẹ̀ ju ẹnu ilẹ̀kùn lọ púpọ̀. Bí ẹnu bá jẹ́ 14, àpótí lè jẹ́ 16. Káfíńtà á lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ilẹ̀kùn, á ki okùn bọ̀ ọ́, á ta á ní kókó nínú. Orí okùn náà ni yóò wá fi kọ́ ìkọ́ kékeré kan tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi tí ọwọ́ yín ti lè mú un láìtẹ̀.

Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò níwájú. Ẹ fa okùn. Àpótí á ti inú òkùnkùn yọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́, títí yóò fi dúró níwájú yín, tí ẹ ó máa wò ó láti òkè. Ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í padà, ẹ dá apẹ̀rẹ̀ sí àyè rẹ̀. Kí àpótí má baà máa há, káfíńtà á kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí iwájú pẹpẹ àti òmíràn sí ẹ̀yìn, kí àpótí máa gba àárín wọn bí ọkọ̀ ojú irin. Tiwájú kò gbọdọ̀ ga ju ìdajì ínṣì lọ, kí apẹ̀rẹ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Kí ẹ wá mú àbẹ́là lásán, kí ẹ fi pa ìdí àpótí àti ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan ti tó. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní àbẹ́là yìí, láti ìgbà tí dúrọ́ọ̀ onígi ṣì pọ̀ tí kò sí irin tó ń gbé e. N kò tíì rí ohun tó dẹ̀rọ̀ tó o.

Ní ilẹ̀ kọ̀rọ̀, lábẹ́ pẹpẹ, ohun tí ẹ kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kó wà: ìkòkò ìnáwó, agbada ńlá, kúlà. Bí ẹ bá ní àwọn ọmọ ọmọ tó máa ń wá nígbà ọdún, iṣẹ́ tiwọn ni láti wọlé lọ gbé e. Ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ sí ní ilẹ̀ yẹn rárá, kódà fún ọjọ́ kan.

Ìmọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun gbogbo inú kọ̀rọ̀. Kí ẹ wá lẹ iná kékeré oníbátìrì mọ́ òkè, irú èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá ti mì níwájú rẹ̀. Kò ní ohun tó ṣe pẹ̀lú NEPA.

Ẹ lè máa béèrè pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó wà, n ó sì sọ èyí tí mo gbà gbọ́ jù bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ni: ẹ dí igun náà pa. Ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í fẹ́ sọ ọ́, torí onílé á rò pé wọ́n fẹ́ jẹ òun láyè. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná kékeré, dúrọ́ọ̀ mẹ́ta tó jinlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún igun, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, tí irin rẹ̀ ń jẹ́ kí ó jáde tán pátápátá, sàn fún ẹni tó ń dáná ju kọ̀rọ̀ kan tó ń gbé ohun mì lọ. Ohun kan ni káfíńtà gbọ́dọ̀ rántí: dúrọ́ọ̀ méjì tí wọ́n pàdé ní igun á máa kọ lu ìdìmú ara wọn bí kò bá fi pákó dídí ínṣì 2 tàbí 3 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti wọ ilé tuntun kan tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kò lè ṣí kọjá ìdajì láéláé, nítorí ìdìmú lásán. Orí káńtà wọn sì ti wà lórí rẹ̀, gíránáìtì gidi. Ẹni tó ṣe é ti gba owó rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí a ṣí kọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn. Bí òdìkejì ògiri yín bá jẹ́ yàrá ìjẹun tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a lè dá ògiri lu, kí kọ̀rọ̀ di kọ́bọ́ọ̀dù tó ń ṣí sí ọ̀hún. Mo bá ọkùnrin kan ní Oǹdó ṣe bẹ́ẹ̀; ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ wá àwo tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí àlejò ti ń mú ife láì wọ ilé ìdáná. Bíríkìlà ló gbọ́dọ̀ lu ògiri yẹn, kì í ṣe káfíńtà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí òpó, kò sí wáyà iná, kò sí páìpù nínú rẹ̀, kó sì fi irin àti kọnkéré gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lókè ihò náà. Ẹ̀yin kò sọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri tiyín. Bó bá jẹ́ ìta gbangba ni, ẹ má dán an wò, òjò Àkúrẹ́ kò ní fi yín lọ́rùn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò yìí ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ pa ògiri inú kọ̀rọ̀ náà nísinsìnyí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bó bá tutù, bí ọ̀dà bá ń ṣí, tàbí bí àpò gàrí bá ti bu níbẹ̀ rí, ògiri náà ń mu omi láti ìta tàbí páìpù síǹkì ń jò. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. MDF kò fẹ́ràn omi. Etí rẹ̀ tí wọ́n kò lẹ̀ dáadáa á mu ún, á wú bí búrẹ́dì inú tíì, kò sì ní padà sípò mọ́. Nítòsí síǹkì, plywood tí omi kì í tètè bà jẹ́ ni kó lò, kó sì gbé ìdí kábínẹ́ẹ̀tì sókè ínṣì 4 sí ilẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kí omi ìnulẹ̀ má baà kàn án. Kó lu ihò kéékèèké díẹ̀ sí ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé pákó gidi ni kábínẹ́ẹ̀tì yín, ẹ béèrè orúkọ igi náà. Ìpínlẹ̀ wa yìí kò ṣaláìní igi. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò máa ń jẹ ẹ́ di lẹ́bú bí wọn kò bá fi oògùn sí i. Ìrókò le, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó wúwo, ó sì wọ́n. Igikígi tó bá jẹ́, kí ilẹ̀kùn má fún jù: á wú lásìkò òjò, á gbẹ lásìkò ọyẹ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fún pinpin ní oṣù kìíní, ní oṣù keje ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ ta á.

Ní ti aáyán àti èkúté, òkùnkùn ni wọ́n ń wá. Ihò tí páìpù gbà wọlé, ẹ fi irin tí a fi ń fọ ìdí ìkòkò dí i fọ́fọ́, kí ẹ wá fi sìmẹ́ńtì bò ó. Èkúté kì í lè jẹ irin yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ju káńfọ̀ sí ibi tí oúnjẹ tàbí ìkòkò wà. Májèlé ni, òórùn rẹ̀ sì ń wọ inú oúnjẹ.

Mo tún ní láti sọ èyí, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀, torí mo ń rí i lọ́pọ̀ ilé: kọ̀rọ̀ tí kò wúlò ni àwọn kan ń sọ di ilé sílíńdà gáàsì. Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ má ṣe é láé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, kì í gòkè kó bá fèrèsé jáde. Ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, á máa kún inú kábínẹ́ẹ̀tì bí omi ṣe ń kún abọ́, láìsí ẹni tó rí i. Iná kékeré kan láti ara súìṣì tàbí firíìjì ti tó. Kí sílíńdà wà ní ìta, kó dúró lóòró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí wọ́n fi páìpù gba ògiri wọlé wá bá sítóòfù. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan nínú kọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ẹ gbé e jáde lónìí, kí ẹ tó ronú nípa pẹpẹ.

Kọ́bọ́ọ̀dù òkè tó wà ní igun kò ní wàhálà púpọ̀. Ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1 péré, ọwọ́ dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ fi pẹpẹ gbangba síbẹ̀.

Ó ku odó. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, pé bí kọ̀rọ̀ bá ti di òfìfo, ibẹ̀ ni kí odó wọ̀. Ẹ má gbé e síbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ikùn rẹ̀ má gba ẹnu ilẹ̀kùn ínṣì 14. Èkejì, odó tí a gún iyán nínú rẹ̀ tí a sì fọ̀ ní láti gbẹ kí ara rẹ̀ lè dá. Bí a bá tì í mọ́ òkùnkùn pẹ̀lú omi lára, á bu, á máa rùn, á sì là tí ọyẹ́ bá dé. Ìdí ògiri ẹ̀yìn, lábẹ́ òrùlé, ni kó wà, lórí pákó kékeré tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́, tí ẹ̀yin fúnra yín lè fi ẹsẹ̀ tì wá sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí iṣu bá jinná. Tí ẹ bá fẹ́ gún un, kí ẹni kan bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. A kì í gún iyán lórí táyà. Igi tó bá ṣẹ́ kù lára pẹpẹ tó fún káfíńtà láti fi ṣe é, ẹ kò ní láti tún san owó pákó.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì san owó tó kù. Ẹ jókòó lórí àga kékeré yẹn níwájú ilẹ̀kùn, kí ẹ kó ẹrù tí ẹ máa ń lò gan-an sínú àpótí ẹ̀yìn, kí ó wúwo bó ṣe máa ń wúwo, kí ẹ wá fa okùn nígbà mẹ́wàá. Bí ó bá há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí káfíńtà mú ìfági rẹ̀ padà. Bí orúnkún yín bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹpẹ ti kéré jù sí ilẹ̀. Kó tú u, kó gbé e sókè ínṣì 3, kí ẹ tún fà á.